Bí Owó Ìlú Bá Dín Kù, Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Náà?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Ní ọdún kan, òjò kò rọ̀ dáadáa. Iṣu kò ta, àgbàdo sì gbẹ lóko. Baálé ilé pe aya àti ọmọ jọ, ó ní: «Ọdún yìí le. Ẹ jẹ́ kí a máa jẹun níwọ̀nba.» Gbogbo ilé gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di alẹ́, àwọn ọmọ ń mu gààrí, wọ́n sì ń gbọ́ òórùn ẹran díndín láti inú yàrá baba wọn. Ǹjẹ́ ẹ rò pé àwọn ọmọ náà yóò tún gba ọ̀rọ̀ baba wọn gbọ́ ní ọjọ́ kejì?

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé a máa ṣẹlẹ̀ nínú ìlú pẹ̀lú. Ìjọba ní àpò owó. Owó-orí, owó ibodè àti owó tí ìjọba yá ni ó ń wọ inú rẹ̀. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, oògùn ilé ìwòsàn, ọ̀nà, ilé ẹ̀kọ́ àti gbèsè ni ó ń gba owó jáde. Bí èyí tí ó ń jáde bá pọ̀ ju èyí tí ó ń wọlé lọ fún ìgbà pípẹ́, dandan ni kí ìjọba dín ìnáwó kù. Ìyẹn nìkan kò tó ìjà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a béèrè ni pé: oúnjẹ ta ni a ó bù kù? Ta ni yóò kọ́kọ́ fi nǹkan sílẹ̀?

Ohun tí ojú wa rí ní ọdún 1989

Àwọn àgbà tí ó wà láàárín wa kò lè gbàgbé àkókò náà ní Bẹ̀nẹ̀. Àwọn báǹkì mẹ́ta tí ó jẹ́ ti ìjọba wó lulẹ̀. Owó tí àwọn oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ kó pamọ́ síbẹ̀ há. Ara ohun tí ó wó àwọn báǹkì náà ni owó ńláńlá tí a yá àwọn alágbára, tí wọn kò sì san padà. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò wọlé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde sí ìgboro.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1989, ìjọba Ààrẹ Mathieu Kérékou bá Àjọ Owó Àgbáyé àti Báǹkì Àgbáyé ṣe àdéhùn. Wọ́n ní kí ìjọba dín ìnáwó kù, kí ó dín iye òṣìṣẹ́ kù, kí ó sì ta àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba tí kò mú èrè wá tàbí kí ó tì wọ́n. Inú àwọn ènìyàn ru. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ pé owó ti tán. Ohun tí ó dùn wọ́n ni pé àwọn tí kò jẹ nínú owó náà ni a ní kí ó san án.

Láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1990, nǹkan bí 500 aṣojú péjọ ní Kútọnù fún Àpérò Gbogbogbòò Orílẹ̀-èdè. Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ni ó darí rẹ̀. Rédíò gbé ọ̀rọ̀ wọn dé ìlú àti abúlé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, a gbọ́ tí àwọn ọmọ ìlú ń béèrè ní gbangba pé: «Owó wa dà?» Àpérò náà kò sọ ìlú di olówó. Ìgékù ìnáwó kò dúró, ìnira sì tún bá wa ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, nígbà tí a sọ owó sẹ́fà di ìdajì: 50 sẹ́fà ni a fi ń gba owó Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó wá di 100. Ṣùgbọ́n láti ìgbà Àpérò náà, kò sí olórí tí ó lè sọ pé ọ̀rọ̀ owó ìlú kò kan ará ìlú.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a mú dání. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba fi dẹ́kun gbígba olùkọ́ tuntun sí iṣẹ́. Nínú ìwé ìjọba, ìnáwó ti dín kù. Ṣùgbọ́n ní abúlé, àwọn òbí ni ó ń dá owó láti sanwó fún olùkọ́ tí wọ́n wá fúnra wọn. Ẹrù náà kò sọnù. Ó kúrò lórí ìjọba, ó bọ́ sórí ìyá tí ń ta àkàrà.

Ẹ wo ọrùn ẹni tí ń fúnni láṣọ

Àwọn àgbà ní: ẹni tí yóò fún wa láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1983, Thomas Sankara gba ìjọba ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Haute-Volta nígbà náà, tí òun sì sọ ní Burkina Faso lẹ́yìn ọdún kan. Ìlú náà kò lówó. Sankara kò bẹ̀rẹ̀ láti orí àgbẹ̀. Ó ta àwọn ọkọ̀ Mercedes tí àwọn mínísítà ń gùn, ó fi Renault 5 rọ́pò wọn. Ó gé owó oṣù àwọn aláṣẹ. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa wọ aṣọ òfì tí a hun nílé, òun náà sì wọ̀ ọ́. Ó ka ohun ìní rẹ̀ fún gbogbo ayé gbọ́. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Áfíríkà ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ tán. Nígbà tí àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1984, ìjọba rẹ̀ lé èyí tí ó ju 1,000 lọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jìyà rẹ̀. Bí olórí bá fi ti ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣe ohun rere. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò fún un ní àṣẹ láti má gbọ́ ohùn àwọn tí ẹrù wà lórí wọn.

Ìka kò dọ́gba

Àwọn kan á ní: «Kí a gé ìdá kan nínú mẹ́wàá lórí owó oṣù gbogbo ènìyàn. Ṣé ìyẹn kò dọ́gba?» Ẹ mú ìwé àti gègé yín, kí a jọ ṣírò rẹ̀.

Láti ọdún 2023, 52,000 fránkì ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ní Bẹ̀nẹ̀. Bí a bá gé ìdá kan nínú mẹ́wàá, 5,200 lọ, 46,800 kù. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ọ̀gá kan ń gba 800,000. Bí a bá gé ìdá kan náà, 80,000 lọ, 720,000 kù. Ti ọ̀gá ni ó pọ̀ lójú. Ṣùgbọ́n 5,200 tí ó lọ lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ owó gààrí, epo àti oògùn ibà ọmọ. Ẹnu ọ̀gá kò ní gbẹ nítorí 80,000. Nítorí náà, ìgékù tí ó bá ìdájọ́ òdodo mu ni èyí tí ó wo agbára ẹni kí ó tó gbé ẹrù lé e lórí.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa

Òfin ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ, ní abala 37, pé ohun mímọ́ ni ohun ìní ìlú, a kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ bà á. Abala 52 sọ pé dandan ni kí Ààrẹ àti àwọn mínísítà kọ gbogbo ohun ìní wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wọlé àti nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Ẹni tí ó mọ̀wé lè ka èyí fúnra rẹ̀. Ìpàdé ìgbìmọ̀ kọmúùnù pẹ̀lú, gbangba ni. Ẹnikẹ́ni lè lọ jókòó gbọ́ bí a ṣe ń pín owó.

Àwa náà sì ní ipa tiwa. Ẹni tí ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kọjá ibodè, tí kì í san owó ọjà, tí ń bẹ aláṣẹ kí ó fi ọmọ òun síṣẹ́ tí kò yẹ ẹ́, òun náà ń jẹ ẹran nínú yàrá nígbà tí àwọn yòókù ń mu gààrí.

Nígbà tí wọ́n bá tún ní kí a fara dà á, kí a má sáré bú wọn, kí a má sì sáré gbà. Kí a béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: kí ni a ó gé? Lọ́wọ́ ta ni? Títí di ìgbà wo? Kí sì ni ẹ̀yin fúnra yín fi sílẹ̀? Baálé tí ó bá jókòó mu gààrí pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí láìwo ilẹ̀.