Kí A Tó Fi Kọ̀ǹpútà To Táìmútébù: Òfin Wo Ló Yẹ Kó Jẹ́ Dandan?

Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń wọlé, iṣẹ́ tó máa ń lé oorun lójú igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ni títo táìmútébù. Ó pẹ́ tí kọ̀ǹpútà ti lè bá wa ṣe é. FET, ètò kọ̀ǹpútà tí Liviu Lalescu ará Ròmáníà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, ọ̀fẹ́ ni, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣiṣẹ́, láptọ́ọ̀pù lásán sì tó o lò. Síbẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dán an wò sábà máa ń rí i pé ó ń yí po lójú kan, kò sì parí. Ẹ̀rọ ni yóò dá lẹ́bi. Lójú tèmi, ẹ̀rọ kì í sábà jẹ̀bi. Àwa la sọ ohun tó kàn wù wá di dandan, tí a kò sì kọ́kọ́ jókòó ṣírò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀hún. Ká ní píríọ́ọ̀dù 8 ló wà lójúmọ́, tí ọjọ́ Jímọ̀ọ́ sì jẹ́ 6 nítorí ìrun: 38 ni gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò kan tó ń kọ́ kíláàsì 7, píríọ́ọ̀dù 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní 35 láti kọ́. Ó wọlé, bó tilẹ̀ há. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ náà bá jẹ́ agùnbánirọ̀ tó ní ọjọ́ CDS (iṣẹ́ ìdàgbàsókè àwùjọ) kan lọ́sẹ̀ tí kì í wá kọ́ni, tí ọjọ́ náà kì í sì í ṣe Jímọ̀ọ́, 30 ló kù fún un, 35 kò sì lè wọ inú 30 láéláé. Ti lábù tilẹ̀ fara sin jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lábù kan ṣoṣo, kíláàsì sáyẹ́ǹsì 6, Físíìsì, Kẹ́místírì àti Bàọ́lọ́jì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní píríọ́ọ̀dù méjì tó so pọ̀ fún iṣẹ́ àfọwọ́ṣe: ìsopọ̀ 18 nìyẹn. Bí bíréèkì bá wà lẹ́yìn píríọ́ọ̀dù kẹrin, àyè 19 ni lábù ní lọ́sẹ̀. Bí ọ̀gá bá wá pàṣẹ pé gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wáyé ṣáájú bíréèkì, àyè 10 péré ló ṣẹ́ kù. Àṣẹ kan tó dùn ún gbọ́ létí ti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Àwọn onímọ̀ ti rí ibi tí wàhálà yìí ti ń wá. Ní 1976, Shimon Even, Alon Itai àti Adi Shamir fi hàn pé tí a bá ti fi àkókò tí olùkọ́ kò ráyè kún ọ̀rọ̀ táìmútébù, ó di ara àwọn ìṣòro tí a kò tíì rí ọ̀nà kíákíá kan tó lè yanjú wọn nígbà gbogbo. Bí gbogbo olùkọ́ àti kíláàsì bá wà lárọ̀ọ́wọ́tó ní gbogbo ìgbà, tí a kò sì béèrè ohun mìíràn, ó rọrùn. Ìyẹn ni pé "ẹ má fi mí sí àkókò yìí" ló ń sọ iṣẹ́ náà di líle. FET náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: ìwọ̀n òfin rẹ̀ ń lọ láti 0 dé 100, èyí tó bá sì jẹ́ 100 kò ní rú u. Fún títú píríọ́ọ̀dù iṣẹ́ kan ká sí ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, 95 ló ń dábàá. Ṣùgbọ́n kò gba ohun tó dín sí 100 fún àkókò tí olùkọ́ kò sí. Ẹni tí òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kò kàn wù, kí ẹ má kọ ọ́ sábẹ́ àkókò tí olùkọ́ kò sí rárá. Ẹ fi í sábẹ́ àkókò tó wù ú, pẹ̀lú ìwọ̀n tó dín.

Ẹnìkan lè ní: ṣebí àwọn àgbà olùkọ́ ń fi káádíbọ́ọ̀dù àti pẹ́ńsù to ó, ó sì ń parí? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá dé ibi tó há, ọwọ́ tó ń to ó á rọra fo òfin kan, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ èyí tó fò. Kọ̀ǹpútà kì í fojú fo nǹkan; a gbọ́dọ̀ sọ fún un ṣáájú. Àtakò kejì wúwo jù: bí òfin bá rọ̀, ṣé kì í ṣe ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ ni yóò jìyà, tí ẹni tó lẹ́nu yóò sì gba tirẹ̀? Ewu yẹn wà, ẹ̀rọ kò sì lè mú un kúrò. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tó fi yẹ kí ìpàdé olùkọ́ jọ pinnu ohun tí yóò jẹ́ 100. Bí dandan bá kéré, ti ìyá náà yóò dúró gbọn-in. Bí gbogbo nǹkan bá jẹ́ dandan, kò ní sí táìmútébù fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ fi òfin dandan nìkan bẹ̀rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó parí, kí ẹ tó máa fi èyí tó kù kún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá dúró, FET yóò to àwọn iṣẹ́ tó le jù fún un sílẹ̀. Ẹ ka orúkọ olùkọ́ àti kíláàsì tó ń yọjú níbẹ̀ léraléra, kí ẹ sì padà sí ìṣirò tiwọn. Ẹ ṣe é nígbà ìsinmi gígùn, kí àwọn ọmọ tó wọlé.