Ohun tí ọlọ́kadà gbọ́dọ̀ ṣe kí ṣéènì má baà já lójú títì

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò; bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ ṣéènì ọ̀kadà rí. Bó bá já lórí eré, ó lè wé mọ́ táyà ẹ̀yìn, kí táyà náà há, kí ọlọ́kadà àti èrò tó gbé sì ṣubú sójú títì.

Iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni olórí ọ̀tá ṣéènì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi páànù bo ti ọ̀pọ̀ ọ̀kadà. Ẹni tó bá yọ páànù náà dànù, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń fa wàhálà.

Ṣéènì tó bá dẹ̀ jù yóò fò kúrò lórí irin eléyín. Èyí tó bá le jù yóò máa fa irin inú ẹ́ńjìnnì àti ti táyà ẹ̀yìn títí wọn yóò fi jẹ. Kí ọlọ́kadà pa ẹ́ńjìnnì, kó fìka ti ṣéènì sókè-sódò láàárín. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, nǹkan bí ínǹṣì 1 ló yẹ kó máa mì. Kó yí táyà díẹ̀, kó tún un wò, nítorí ṣéènì kì í jẹ dọ́gba.

Kẹrosíìnì ni kó fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe bẹntiróòlù tó tètè ń gbiná. Kó nù ún gbẹ, kó sì kán ọ́ìlì gíà sí i, pàápàá lẹ́yìn òjò.

Bí àkókò àtipààrọ̀ bá tó, kó pààrọ̀ irin eléyín iwájú àti tẹ̀yìn pọ̀ mọ́ ọn, nítorí eyín tó ti jẹ kì í pẹ́ ba ṣéènì tuntun jẹ́. Owó ọ́ìlì kò tó owó ilé ìwòsàn.