Ta Ló Ni Gáàsì Inú Afẹ́fẹ́ Sábóńgàrí?

Ẹni tí ó bá ti gbé Sábóńgàrí ní ìlú Kánò rí kò ní ṣàì mọ Ibo Road. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti wọ Kánò ní ọdún 1911 ni àwọn ará Gúúsù ti ń wá tẹ̀dó sí àdúgbò náà: akọ̀wé, oníṣòwò, télọ̀ àti òṣìṣẹ́ rélùwéè. Bí èrò ti ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdọ̀tí ń pọ̀. Ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú tí atẹ́gùn kò sì fẹ́, tí òórùn gba àdúgbò kan, onílé a ní gọ́tà ni, ará ẹ̀gbẹ́ gọ́tà a ní ààtàn ni, àwọn mìíràn a sì nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tí ń ta gáàsì ìdáná.

Bí ó bá ṣe ti gáàsì tí à ń pè ní mítéènì ni, imú kò lè dá ẹjọ́ yìí. Mítéènì kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Òórùn inú gọ́tà, gáàsì mìíràn tí imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀ ló ni ín. Gáàsì inú sílíńdà ìdáná pàápàá kì í ṣe mítéènì. Propane àti butane ni, àwọn tí ń pò ó ni wọ́n sì fi òórùn sí i kí onílé lè tètè mọ̀ bí ó bá ń jò. Nígbà tí nǹkan bú gbàù ní Aba Road, ní Sábóńgàrí kan náà, ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, tí ẹ̀mí sì ṣòfò, àwọn kan ní bọ́ǹbù ni, àwọn mìíràn ní gáàsì ni. Ẹnu a máa yá ju àyẹ̀wò lọ.

Níbi tí nǹkan bá ti ń jẹrà tí afẹ́fẹ́ kò sì dé ibẹ̀ ni mítéènì ti ń jáde: ìsàlẹ̀ ààtàn, inú ṣáláńgá, gọ́tà tí ó dí, oko ìrẹsì tí omi bò, àti inú màlúù tí ń jẹ àpọ̀jẹ. Ó tún wà nínú ilẹ̀ pẹ̀lú epo rọ̀bì. Láàárín 20 ọdún, agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná ju 80 ìlọ́po ti gáàsì èéfín lọ. Ṣùgbọ́n kì í lò ju nǹkan bí ọdún 12 lójú òfuurufú. Ẹni tí ó bá dí orísun rẹ̀ lónìí, ojú ara rẹ̀ ni yóò fi rí èrè rẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń tọpa rẹ̀? Atẹ́gùn ni a kọ́kọ́ ń bi. A ó wọn afẹ́fẹ́ kí ó tó wọ àdúgbò, a ó sì tún wọ̀n ọ́n nígbà tí ó bá ń jáde. Ohun tí ó fi lé, àdúgbò ló ni ín. Ní Kánò, ọyẹ́ ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn àríwá, atẹ́gùn òjò sì ń ti gúúsù wá. Gúúsù ni àwọn oko ìrẹsì Kura àti Kadawa wà, tí ń mu omi ìdídò Tiga. Odò Jakara, tí ń gbé omi gọ́tà àti ti odò ẹran la ìlú já, ìhà ìlà-oòrùn àríwá ló ń ṣàn lọ, títí dé ìdídò rẹ̀ ní Wasai. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ tí ará Ibo Road ń fà símú nígbà ọyẹ́ lè ru ẹrù tí ó yàtọ̀ sí ti ìgbà òjò.

Lẹ́yìn èyí ni a ó wọn kábọ́nù inú gáàsì náà, nítorí oríṣi kan wúwo ju èkejì lọ. Èyí tí ó wúwo kò pọ̀ nínú mítéènì ìdọ̀tí tó ti inú ilẹ̀. Mítéènì inú ilẹ̀ sì sábà máa ń mú ethane lọ́wọ́. Ti ìdọ̀tí kì í ní in. Báyìí ni àwọn onímọ̀ Royal Holloway ṣe ń fi ọkọ̀ tí ó ru ẹ̀rọ la òpópónà London kọjá, tí wọ́n ń ya páìpù tí ó ń jò sọ́tọ̀ kúrò lára ààtàn. Ṣùgbọ́n màlúù, ààtàn àti ṣáláńgá jọra jù. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ náà yóò ti nílò ẹni tí ó mọ àgbàlá kọ̀ọ̀kan. Sátẹ́láìtì kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lóòótọ́, nínú ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2022, ó rí mítéènì lórí ààtàn Buenos Aires, Delhi, Lahore àti Mumbai, ṣùgbọ́n òkè ìdọ̀tí ńláńlá ni ìwọ̀nyẹn.

Nílé wa, ìgbà tí wọ́n mọ̀ pé odò ẹran Bódìjà ní Ìbàdàn ni orísun ni wọ́n tó lè gbèrò àtisọ omi ibẹ̀ di gáàsì ìdáná. Ètò náà gba ẹ̀bùn SEED ní ọdún 2005.

Ti Kánò ní ọjọ́ nínú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí páìpù gáàsì oníkìlómítà 614 láti Àjàòkúta gba Kàdúná lọ sí Kánò. Mítéènì ni yóò gbé. Bí a kò bá wọn afẹ́fẹ́ àdúgbò sílẹ̀ kí gáàsì náà tó dé ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé, ní ọjọ́ tí páìpù bá jò, ẹni tí ó ni ín yóò ní ṣáláńgá ará Ibo Road ni, kò sì ní sí ìwé kan lọ́wọ́ wa tí a ó fi já a.