Nígbà tí Bíráwúsà Bá Kọ Àfikún

Nínú gbogbo ètò tí ń bẹ lórí ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, bóyá ni a rí èyí tí ọwọ́ wa ń kàn lójoojúmọ́ tó bíráwúsà, ìyẹn ètò tí a fi ń ṣí ìkànnì lórí ayélujára, ì báà ṣe Chrome tí Google ṣe, ì báà ṣe Firefox tí Mozilla ṣe, ì báà sì ṣe Edge tí ó máa ń bá Windows wọlé. Àwọn tí ó ṣe é mọ̀ pé ohun tí oníṣòwò ń fẹ́ kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ́, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè ṣe ètò kéékèèké tí yóò máa bá a ṣiṣẹ́ pọ̀: òmíràn ń dínà mọ́ ìpolówó, òmíràn ń tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà, òmíràn ń túmọ̀ èdè fún ẹni tí ń kàwé. Àwọn wọ̀nyí ni àfikún, tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè ní ẹ̀sítẹ́ńṣàn. Ó rọrùn láti fi wọ́n sí i lọ́jọ́ tí ó bá rọrùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bíráwúsà bá kọ̀ jálẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa tẹ bọ́tìnì kan náà títí ìka yóò fi máa ro wọ́n, láìka ohun tí ẹ̀rọ kọ sójú rẹ̀.

Nígbà tí Chrome jáde ní ọdún 2008, kò ní àfikún kankan. Ọdún 2010 ni gbogbo ènìyàn tó lè lo àfikún nínú rẹ̀, tí Google sì ṣí ilé ìtajà wọn, Chrome Web Store, kí ọdún náà tó parí. Láyé ìgbà náà, ibikíbi ni ènìyàn ti lè gbé àfikún wá, àwọn olè sì rí àyè yìí lò, wọ́n ń fi ti ara wọn sínú bíráwúsà onílé láìgba àṣẹ, wọ́n ń yí ojú-ìwé rẹ̀ padà, wọ́n sì ń ṣọ́ ohun tí ó ń tẹ̀. Nítorí èyí ni Chrome orí Windows kò ṣe gba àfikún tí kò bá ti ilé ìtajà Google wá mọ́ láti ọdún 2014, tí ó sì fi jẹ́ pé kí ọdún 2016 tó parí, Firefox náà kò gba èyí tí kò ní èdìdì Mozilla lára. Bíráwúsà wá dà bí ìlú olódi ayé àtijọ́, tí oníbodè jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gbogbo. Èrò tèmi ni pé bí àfikún bá kọ̀ tí kò wọlé, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe pé ẹ̀rọ ya wèrè, oníbodè kan ni ó dá a padà. Iṣẹ́ ẹni tí ó bá fẹ́ tún un ṣe kò sì ju kí ó mọ oníbodè náà, kí ó sì gbọ́ ohun tí ó wí.

Àmọ́, kí a tó di ẹ̀bi ru oníbodè kankan, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ bóyá àfikún náà kò ti wọlé ní tòótọ́. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó a máa wà lápò ṣòkòtò. Chrome a máa kó àfikún pa mọ́ sẹ́yìn àmì kékeré kan lókè lápá ọ̀tún. Ẹni tí kò bá tẹ àmì náà yóò rò pé kò sí ohun tí ó wọlé, yóò sì tún máa wá ọ̀nà láti fi í sí i. Ojú-ìwé tí a ti ṣí sílẹ̀ kí àfikún tó dé kì í sábà mọ̀ pé ó ti dé, àfi bí a bá tún un ṣí. Nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ tí a ń pè ní Incognito, kò ní ṣiṣẹ́ bí a kò bá fún un láṣẹ níbẹ̀. Ẹni tí ó sì wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò, ìyẹn Guest, kò lè fi ohunkóhun sí i rárá.

Ti fóònù kò gba ariwo: Chrome orí Android kì í gba àfikún, bí ó ti wù kí a tẹ̀ ẹ́ tó. Firefox ṣí àyè sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ àfikún lórí Android ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Safari orí iPhone sì ń gba tirẹ̀ láti inú App Store.

Oníbodè kan wà tí ó ń wo ọjọ́ orí. Google ṣe òfin tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Manifest V3, èyí tí ó dín agbára àfikún kù lórí ohun tí ń wọlé tí ó sì ń jáde nínú bíráwúsà, láàárín ọdún 2024 sí 2025 sì ni Chrome pa àwọn tí ó wà lábẹ́ òfin àtijọ́ tì. uBlock Origin, adènà-ìpolówó tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé, wà lára wọn. Ẹni tí ó ń wá a fún Chrome òde òní ń wá ẹni tí ó ti ṣí kúrò nílé, àfi kí ó gba àbúrò rẹ̀, uBlock Origin Lite, tàbí kí ó lo Firefox, níbi tí ti àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, bíráwúsà gan-an ni ó gbó: Chrome 109 tí ó jáde ní ọdún 2023 ni ìgbẹ̀yìn tí ó ṣiṣẹ́ lórí Windows 7, àfikún tí a bá sì ṣe fún èyí tí ó jáde lẹ́yìn rẹ̀ lè má wọ inú rẹ̀.

Èyí tí ń yà mí lẹ́nu jù ni ti aago. Gbogbo èdìdì orí ayélujára ni ó ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí, aago inú ẹ̀rọ ni bíráwúsà sì fi ń wò ó. Àwọn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí a ń rà ní Computer Village ní Ìkẹjà ti pẹ́ láyé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì wọ́pọ̀ kí bátìrì rìbìtì kékeré tí ń pa aago wọn mọ́ ti kú, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ti yọ iná, ẹ̀rọ a padà sí ọdún tí ó ti kọjá tipẹ́tipẹ́. Lójú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, èdìdì ilé ìtajà kò tíì bẹ̀rẹ̀, kò sì ní ṣí i; oníǹkan yóò máa bú íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ bátìrì olówó pọ́ọ́kú ni ó ń fẹ́. Kí a má rò pé àwọn tí kò mọ̀wé kọ̀ǹpútà nìkan ni ọjọ́ máa ń tàn jẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ìwé-ẹ̀rí kan tí Mozilla fi ń lu èdìdì mọ́ àfikún parí ọjọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni àfikún àwọn tí ń lo Firefox káàkiri ayé ṣe kú lọ́wọ́ kan, tí tuntun kò sì ṣeé fi sí i, títí Mozilla fi sáré gbé àtúnṣe jáde.

Oníbodè tí a kì í bá jà ni ẹni tí ó ni ilé. Bí ìsàlẹ̀ àkójọ àṣẹ Chrome bá kọ ọ́ pé àjọ kan ni ó ń ṣàkóso bíráwúsà yín, ẹ kọ chrome://policy sí ibi tí a ń kọ orúkọ ìkànnì, ẹ ó sì rí òfin tí wọ́n fi lélẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ ti ọ́fíìsì, ọ̀dọ̀ ọ̀gá tí ń bójú tó kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ tiyín, tí ẹ kò sì fi òfin kankan sí i, ẹ fura, nítorí àwọn ètò burúkú kan a máa fi irú òfin yìí há onílé mọ́ta. Ti Chromebook tòkunbọ̀ ló dun ni jù: bí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kọ́kọ́ ni ín bá ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Google, tí wọn kò sì yọ ọ́ kí wọ́n tó tà á, bí a tilẹ̀ pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, gbàrà tí ó bá ti kan ayélujára ni yóò padà sábẹ́ òfin wọn, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó lè tú u. Kí ẹni tí ń rà á tan án, kí ó so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹni tí ń tà á, kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Àwọn kan, bí ibodè bá ti kọ̀, a máa fo odi. Wọn a lọ gbé fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .crx láti ìkànnì àjèjì, bíráwúsà a sì fèsì pé CRX_HEADER_INVALID, èyí tí ó túmọ̀ sí pé fáìlì náà bàjẹ́, tàbí pé ọ̀nà àtijọ́ ni a gbà dì í. Ọ̀nà ẹ̀tọ́ kan wà fún àwọn tí ń ṣe àfikún fúnra wọn: kí wọ́n tan Developer mode ní chrome://extensions, kí wọ́n sì tọ́ka sí fódà tí manifest.json wà nínú rẹ̀ gan-an, kì í ṣe fódà tí ó bò ó lóde, nítorí àṣìṣe yìí ni ó ń fa ẹ̀sùn pé manifest sọnù. Kí wọ́n má sì pa fódà náà rẹ́ lẹ́yìn náà. Fún àwa yòókù, ẹ rántí The Great Suspender, àfikún tí ó gbajúmọ̀ gan-an, tí ó sì wà nínú ilé ìtajà Google fúnra rẹ̀: ẹni tí ó ṣe é tà á ní ọdún 2020, ní oṣù Kejì ọdún 2021 sì ni Google yọ ọ́ dànù, tí wọ́n ní ohun búburú wà nínú rẹ̀. Bí olè bá lè gba iwájú oníbodè kọjá báyìí, kí ni a ó wá sọ nípa ọ̀nà ẹ̀bùrú?

Ìyókù kò le. Íntánẹ́ẹ̀tì tí ó já láàárín, ibi ìpamọ́ tí ó kún, tàbí apakòkòrò tí ó di fáìlì mú kí ó tó balẹ̀, gbogbo wọn lè dá àfikún dúró. Bí ó bá sì wọlé ṣùgbọ́n tí kò jíṣẹ́, ó lè jẹ́ pé òmíràn ni ó ń bá a jà. Gbogbo aláǹgbá ló sì danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ pa gbogbo wọn, kí ẹ wá máa tan wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ẹ ó fi dé orí èyí tí ó bà á jẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, ẹ kọ̀wé sí ẹni tí ó ṣe àfikún náà láti ojú-ìwé rẹ̀ nínú ilé ìtajà, kí ẹ dárúkọ bíráwúsà yín àti nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sọ bóyá Windows tàbí òmíràn ni ẹ ń lò, kí ẹ sì da ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kọ síbẹ̀ kọ gẹ́lẹ́ bí ó ti wà, torí “kò ṣiṣẹ́” nìkan kò ní jẹ́ kí ó mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.