Ọmọ Igi Tí Ó Ta Gbòǹgbò Lórí Ìyá Rẹ̀

Bí ẹ bá kọjá ní Ajue, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, tí ẹ rí ẹ̀ka gúáfà tí a fi ọ̀rá di nǹkan mọ́ bí ìkúùkù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pè é ní àálè. Arábìnrin kan tí ó rí ti ẹ̀yìnkùlé wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ Jésù bá igi náà wí kí ìyàwó mi tó sáré jáde! Ìyẹ̀fun pákó lásán ló wà nínú ọ̀rá náà. Gbòǹgbò ni a ń dúró dè.

Onílé wa ló sọ pé òun fẹ́ kọ́ yàrá síbẹ̀, pé òun yóò gé igi náà lẹ́yìn òjò. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti kọ́ ìwé kíkà. Bí a bá sì gbin kóró rẹ̀, kò dájú pé èso rẹ̀ yóò dùn bí ti ìyá. Ẹ̀ka nìkan ló lè jọ ọ́ délẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní agbègbè Ore àti Odigbo yìí. Onílẹ̀ lè gbà kí a gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ṣùgbọ́n igi tí yóò pẹ́ lórí ilẹ̀ máa ń di ẹjọ́. Igi inú ìkòkò kì í bá ẹnikẹ́ni du ilẹ̀.

Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ti múlẹ̀, ẹ wá ẹ̀ka tí ara rẹ̀ dá, tí ó nípọn tó àtàǹpàkò. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé èèpo rẹ̀ yíká, ẹ fi ìwọ̀n ìka méjì sílẹ̀, ẹ tún gé e yíká, kí ẹ wá bó èyí tó wà láàárín bí ẹni bọ́ òrùka. Ara igi náà yóò máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ẹ ha á títí yóò fi gbẹ. Ibẹ̀ ni mo ti kùnà nígbà àkọ́kọ́: n kò ha á tó, èèpo tún so pọ̀, gbòǹgbò kankan kò yọ.

Ìyẹ̀fun pákó kò wọ́n ní Ore, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti pẹ́ nínú òjò tí ó ti dúdú ni kí ẹ mú, nítorí tuntun máa ń gbóná. Ẹ rẹ ẹ́, ẹ fún un títí omi kò fi ní kán mọ́. Ẹ fi ìwọ̀n ìkúùkù kan bo ojú ibi tí ẹ bó, ẹ fi ọ̀rá tí ó mọ́ gaara wé e, kí ẹ so ó gírígírí lókè àti nísàlẹ̀.

Omi tí ìyá ń fà ń gba inú igi gòkè, nítorí náà ewé kò ní rọ. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ewé ń pèsè, èèpo ló ń gbà sọ̀kalẹ̀, ọ̀nà sì ti dí níbẹ̀. Ibi tí oúnjẹ náà kó jọ sí ni gbòǹgbò yóò ti yọ. Ọ̀pẹ, àgbọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní irú èèpo bẹ́ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà lórí wọn.

Gúáfà àti ọsàn wẹ́wẹ́ lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 10. Ẹ má ṣe tú ọ̀rá wò. Ẹ óò rí gbòǹgbò láti ìta. Jésù ti sọ̀rọ̀ ẹ̀ka àti àjàrà nínú Jòhánù orí 15, ẹni tí ó bá kánjú já ẹ̀ka yìí yóò rí i fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Bí gbòǹgbò bá ti pọ̀, ẹ gé e nísàlẹ̀ ibi tí ẹ dì, ẹ tú ọ̀rá, ẹ gbìn ín sínú ìkòkò tí ó ní ihò nídìí, ẹ gé ìdajì ewé rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì gbé e sí ibòji fún bí oṣù kan. Ẹ fi ọ̀pá gbè é, nítorí kò ní gbòǹgbò gígùn tí ń wọlẹ̀ ṣánṣán.

Àwọn ará Japan máa ń fi ọ̀nà yìí kan náà mú ẹ̀ka fún igi kékeré inú àwo tí wọ́n ń pè ní bonsai. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán ìyẹn wò, ọdán ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀, torí ó yá láti ta gbòǹgbò. Igi tí ń ṣíji bo ọjà, nínú àwo lórí tábìlì!

Nínú ẹ̀ka mẹ́ta tí a dì, méjì ló yè. Nígbà tí wọ́n gé ìyá wọn ní oṣù kọkànlá, onílé bi wá bóyá ọ̀kan lè jẹ́ tirẹ̀. A fún un ní èyí tí ó ga jù.