Iléèwé ní kí ọmọ yín múra bí iwin: kí ni Halloween, kí ló sì fi yàtọ̀ sí eégún?

Bí oṣù Kẹwàá bá ti ń parí lọ, ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tó ń gbé ní London, Houston tàbí Toronto ló máa ń rí ìwé gbà láti iléèwé ọmọ wọn. Lọ́jọ́ 31, kí ọmọ múra bó ṣe wù ú: bí iwin, bí àjẹ́, bí egungun òkú, tàbí bí akọni inú fíìmù. Òbí tó bá ráyè lè wá wo àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń tò kọjá ní àgbàlá. Inú ọmọ á máa dùn, ọkàn òbí á sì pín sí méjì. Ìyá lè ní eré ọmọdé lásán ni, kí bàbá fárígá pé ọmọ òun kò ní fi orúkọ òkú ṣeré. Nígbà míì, ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa béèrè ọ̀rọ̀ tó le jù: "Dádì, ṣé eégún ni?"

Ibi tí ìdáhùn ìbéèrè yìí ti lè tètè yé ni jìnnà sí Amẹ́ríkà. Àárín àwọn òkè Dassa-Zoumè ni, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń rántí òkú, eégún tó ń jáde àti àwọn ọmọdé tó ń bojú ṣeré ti jọ wà ní orílẹ̀-èdè kan náà, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í fi ọ̀kan pe èkejì.

Ibo ni Halloween ti wá?

Ilẹ̀ Ireland àti Scotland ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Àwọn Kẹ́lítì tó ń gbé ibẹ̀ láyé àtijọ́ ní ọdún kan tí wọ́n ń pè ní Samhain, tí wọ́n máa ń ṣe nígbà tí ìkórè bá parí tí òtútù fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbà pé lóru ọjọ́ náà, ààlà tó wà láàárín ayé àti ọ̀run máa ń ṣí sílẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kẹjọ, Póòpù Gregory Kẹta ya ilé àdúrà kan sọ́tọ̀ ní Róòmù fún gbogbo àwọn ẹni mímọ́. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 835, lábẹ́ Gregory Kẹrin, ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ti di ọjọ́ wọn káàkiri ilẹ̀ tí àwọn Fránkì ń ṣàkóso. Lẹ́yìn náà ni Odilo, olórí àwọn mọ́ńkì Cluny, fi ọjọ́ kejì oṣù náà kún un fún àdúrà gbogbo òkú. Àìsùn ọjọ́ àwọn ẹni mímọ́ ni 31 oṣù Kẹwàá jẹ́, bí a ṣe ń ṣe àìsùn Kérésìmesì.

Àwọn ará Ireland máa ń gbẹ́ inú tọ́nípù ńlá, wọ́n á gé ojú àti eyín sí i lára, wọ́n á sì ki ẹyin iná sínú rẹ̀. Nígbà tí ìyàn ọ̀dùnkún lé wọn kúrò nílé láti ọdún 1845, ọ̀pọ̀ wọn kó lọ sí Amẹ́ríkà. Elégédé ni wọ́n bá níbẹ̀: ó tóbi ju tọ́nípù lọ, inú rẹ̀ sì rọrùn láti gbẹ́. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1930 sókè, àṣà kí ọmọdé máa kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, kí wọ́n fún un ní súìtì tàbí kó ṣe wọ́n ní ṣùtá, ti ń tàn kálẹ̀. Ogun Àgbáyé Kejì mú kí ṣúgà wọ́n, eré náà sì fà sẹ́yìn díẹ̀. Lẹ́yìn ogun ló wá gbòde. Ní ọdún 1950, àwọn ọmọ Philadelphia bẹ̀rẹ̀ sí í fi páálí tọrọ owó fún UNICEF dípò súìtì. Ní 2023, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà, National Retail Federation, ṣírò pé àwọn ará ibẹ̀ máa ná dọ́là bílíọ̀nù 12.2 sí ọjọ́ kan ṣoṣo yìí.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní Dassa-Zoumè?

Dassa-Zoumè tó nǹkan bí igba kìlómítà sí àríwá Cotonou. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín: ọ̀kan gba Savalou lọ, èkejì gba Sábẹ̀ẹ́ lọ sí Parakou. Òkè olókùúta ló yí ìlú náà ká, mọ́kànlélógójì ni àwọn ará ibẹ̀ sì máa ń ka àwọn òkè wọn sí. Àwọn Ìdáàṣà, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Yorùbá, ló ni ilẹ̀ náà. Nígbà tí ogun Dàhómì ń kó ènìyàn lẹ́rú, orí òkè wọ̀nyí ni wọ́n ń sá gùn.

Bí ẹ bá rìn kiri ìlú náà ní alẹ́ 31 oṣù Kẹwàá, ẹ kò ní bá elégédé tó ń tanná lẹ́nu ọ̀nà. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, ilé ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì wà ní títì, nítorí ìsinmi ni Toussaint, ìyẹn ọjọ́ gbogbo àwọn ẹni mímọ́, jákèjádò Bẹ̀nẹ̀. Dassa sì jẹ́ ìlú Kátólíkì pàtàkì. Ó ti ní bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ láti 1995, ìdí àpáta kan níbẹ̀ sì ni ojúbọ Màríà Arigbo wà, tí èrò máa ń wọ́ lọ ní oṣù Kẹjọ. Ní Toussaint àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ìdílé á lọ sí Máàsì, wọ́n á sì gba itẹ́ òkú lọ. Àgbà á máa ro koríko, ọmọdé á máa pọn omi tí wọ́n fi ń fọ sàréè, wọ́n á wá tan àbẹ́là sí orí rẹ̀.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe dorí kodò. Amẹ́ríkà di àìsùn mú, ọ̀pọ̀ níbẹ̀ ti gbàgbé ọjọ́ tí àìsùn ọ̀hún wà fún. Dassa ò ṣe àìsùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gan-an ò bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ṣé eégún wá ni Halloween?

Rárá o. Ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ ni ìyàtọ̀ wà. Lójú àwọn tó ni eégún, ènìyàn kọ́ ló ń jó lójúde. Baba ńlá tó ti lọ ló padà wá kí àwọn ọmọ rẹ̀. Òwe pàápàá pè é bẹ́ẹ̀: "Bí eégún bá ń lé ni, ká máa rọ́jú, bó ti ń rẹ ará ayé ló ń rẹ ará ọ̀run." Aṣọ á bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ohùn rẹ̀ á há, atókùn á mú pàṣán dání kí èrò má bàa sún mọ́ ọn. Á súre fún ilé, á gba owó. Bó bá tiẹ̀ dà bíi pé ẹnìkan dá ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀, kò ní dárúkọ.

Ní ti Halloween, gbogbo kíláàsì ló mọ̀ pé Báyọ̀ ni iwin yẹn, ìyá rẹ̀ ló sì ra aṣọ náà ní ọjà. Kí wọ́n dá a mọ̀ kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín gan-an ni adùn rẹ̀.

Bíbo ojú tiwa náà kì í ṣe oríṣi kan. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo ayé, ń jáde láti bu ọlá fún àwọn ìyá wa. Ère igi ni wọ́n ń gbé lérí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èèwọ̀ kí ará ìlú mọ ẹni tó ń jó.

Kaléta ló sún mọ́ Halloween jù

Bí ẹ bá ń wá ìbátan Halloween nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, inú oṣù Kejìlá ni kí ẹ wá a. Àwọn ọmọdé Cotonou, Ouidah àti Porto-Novo máa ń kó ara wọn jọ ṣe kaléta. Ọ̀kan nínú wọn á bo ojú, á wọ aṣọ tó gbọ̀nrọ̀-gbọnrọ, á tún ki ọwọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀ kí awọ ara rẹ̀ má bàa hàn. Àwọn yòókù á máa lu agolo àti ìlù kékeré, wọ́n á máa ti ilé kan bọ́ sí èkejì. Ẹni tó bo ojú á jó títí ẹnìkan á fi sọ ẹyọ owó sẹ́fà sílẹ̀. Bí kò bá sí owó, ìlù ò ní dákẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yín. Ọ̀dọ̀ àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n gbà pé eré yìí ti wá. Àwọn Àgùdà ti Èkó náà ní kàrétà tiwọn.

Nítorí náà, ọmọdé tó bo ojú, tó ń tọrọ lẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe àjèjì sí wa. Wọn kì í pe kaléta ní eégún, wọn kì í sì í sọ pé ó tàbùkù eégún.

Kí ni òbí lè ṣe?

Àríyànjiyàn wà láàárín àwọn òyìnbó fúnra wọn. Ní 2023, àwọn aláṣẹ iléèwé South Orange àti Maplewood ní New Jersey dá ayẹyẹ Halloween dúró ní àkókò ẹ̀kọ́, nítorí àwọn ọmọ tí ẹ̀sìn tàbí àìlówó kì í jẹ́ kí wọ́n bá wọn ṣe é. Phil Murphy, tó jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ náà nígbà náà, bọ́ síta tako wọn. Ní Britain, ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń ṣe àríyá ìmọ́lẹ̀ fún àwọn ọmọdé lálẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n lè jẹ súìtì láìsí iwin níbẹ̀.

Ẹ̀tọ́ yín ni láti gbà tàbí kí ẹ kọ̀. Bí ẹ bá kọ̀, ẹ tètè kọ̀wé sí olùkọ́, kí ọmọ má jẹ́ òun nìkan tó wọ yunifọ́ọ̀mù láìmọ ìdí. Bí ẹ bá gbà, kò pọn dandan kó jẹ́ òkú tàbí àjẹ́. Ọmọ lè múra bí dókítà, ìjàpá tàbí ọba. Ohun kan ṣoṣo tí a ò bá gbà yín níyànjú ni kí ẹ dá ẹ̀kú fún un, kó lọ fi eégún ṣeré ní àgbàlá iléèwé. Ohun tó jẹ́ awo nílé ẹlòmíì kò yẹ ní aṣọ àríyá, ì báà jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín kì í bọ ọ́.

Ẹ wá dáhùn ìbéèrè tí ọmọ bi yín nípa eégún. Ẹ sọ fún un pé eré ni ti iléèwé, kaléta náà eré ni, ṣùgbọ́n eégún kì í ṣe eré. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bí ilé yín ṣe ń rántí àwọn tó ti lọ hàn án, yálà Máàsì àti àbẹ́là, ọdún eégún, tàbí àdúà lẹ́yìn ìrun. Bí ó bá ti mọ èyí, ẹ jẹ́ kó jẹ súìtì rẹ̀, kó sì fọ eyín kó tó sùn.