Wẹ́fíà Ilé Ìwòsàn: Ẹni Tó Mọ Ojúlé Ìrànlọ́wọ́ fún Aláìsàn Jẹjẹrẹ

Nígbà tí ìyá kan tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ bá gbọ́ lẹ́nu dókítà pé kókó tó ti wà lọ́mú òun láti ọdún tó kọjá, èyí tí òun ti fi àgbo wò títí tí kò gbọ́, jẹjẹrẹ ni, ohun méjì ló máa ń dé sí i lọ́kàn kó tó dìde lórí àga: èkíní ni ikú, èkejì sì ni owó. Àwọn baba wa ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú, ọ̀rọ̀ ìtùnú ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n àìsàn tí a ń wí yìí a máa jẹ owó bí iná ọyẹ́ ṣe ń jẹ pápá, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù méjì àti ẹni tí kò ní ju agbọ̀n ẹja kan lọ, bákan náà ló ń jó wọn dé ẹ̀yìnkùlé.

Owó oògùn nìkan kọ́. Ìtọ́jú onítànṣán kì í ṣe ohun tí a ń gbà lẹ́ẹ̀kan ká sì máa lọ sílé. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni aláìsàn ń lọ síwájú ẹ̀rọ náà, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan léraléra, Ìdí-Àràbà ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbà lọ, ní LUTH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí NSIA, àjọ tó ń fi owó orílẹ̀-èdè dókòwò, ná mílíọ̀nù 11 dọ́là lé lórí ní oṣù Kejì ọdún 2019. Ará Ìkòròdú lè wọ bọ́ọ̀sì BRT tó ti ń ná ọ̀nà Mile 12 láti 2015. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti Ẹ̀pẹ́ gbéra, ó di dandan kó gba Ìtóíkìn já sí Ìkòròdú, tàbí kó gba Àjà, kó tó máa wá ọ̀nà Ìdí-Àràbà, pẹ̀lú ara tí oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní kímò ti sọ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Owó ọkọ̀ yìí, owó oúnjẹ ẹni tó ń bá a lọ, àti owó ọjà tí kò ráyè tà mọ́, kò sí ẹni tó ń kọ wọ́n sínú ìwé owó ilé ìwòsàn. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ẹbí ti kó èésú, wọ́n ti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n ti ta ilẹ̀ baba, ìgbà tí gbogbo rẹ̀ sì tán pátá ni ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bi wọ́n léèrè pé, “Ẹ ò tíì rí àwọn wẹ́fíà ni?”

Wẹ́fíà yìí ni òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn tó wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba, tí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò dá nítorí pé kì í gún abẹ́rẹ́, kì í sì í kọ oògùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jókòó ti aláìsàn, kó bi í ní ohun tí dókítà kò ráyè bi í: iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, ọmọ mélòó lẹ ń tọ́, ta ló ń san owó ilé, bó bá sì ti fara balẹ̀ gbọ́ tán, yóò kọ ọ́ sínú ìwé, yóò gbé e lọ bá àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n dín owó kù tàbí kí wọ́n gbà á díẹ̀díẹ̀, tàbí kó fi ránṣẹ́ sí àjọ aláàánú. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni irú ipò yìí ti ṣẹ̀. Ní 1895, Royal Free Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù gba Mary Stewart síṣẹ́, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́ ni pé kó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kí olówó má bàa wá jẹ oúnjẹ tálákà; ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹni tí wọ́n fi ṣọ́nà di ẹni tó ń fọ̀nà han èèyàn. Ní 1990 ẹ̀wẹ̀, Harold Freeman, oníṣẹ́ abẹ aláwọ̀ dúdú ní Harlem ní New York, rí i pé àwọn obìnrin aláìní tó ní jẹjẹrẹ ọmú ń pẹ́ jù kí wọ́n tó rí ìtọ́jú, ó sì yan àwọn tí yóò máa fa aláìsàn lọ́wọ́ láti ojúlé kan dé èkejì. Iṣẹ́ alárinà ni mo kà á sí, alárinà tó mọ tọ̀tún tó mọ tòsì, n kò sì rò pé ó kéré sí iṣẹ́ ẹni tó di ọ̀bẹ mú.

Ojúlé ìrànlọ́wọ́ náà pọ̀, nítorí ọ̀nà kan kò wọjà. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣòfin adójútòfò ìlera láti 2015, èyí tí a mọ̀ sí Ìlera Èkó lábẹ́ àjọ LASHMA, ní oṣù Keje 2024 sì ni Gómìnà Sanwó-Olú pàṣẹ pé ó di dandan. Kò gbé gbogbo ẹrù jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n owó kan wà nínú rẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún aláìní. Àjọ adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, NHIA, tí òfin 2022 gbé kalẹ̀, bá ilé-iṣẹ́ Roche ṣàdéhùn pé, lórí àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan, Roche yóò gbé ìdajì owó, NHIA yóò gbé ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, aláìsàn tó ti forúkọ sílẹ̀ yóò sì san ogún tó kù. Ìjọba àpapọ̀ tún dá àpò Cancer Health Fund sílẹ̀ fún aláìní tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ, tàbí ti próstéètì. Ilé ìwòsàn mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, UCH Ìbàdàn sì wà nínú wọn. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti 2003, àwọn tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba oògùn Glivec lọ́fẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ Novartis àti Max Foundation. Ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ láti ayé Kòsọ́kọ́, kí a má gbàgbé sàká, tí Kùránì ka tálákà àti onígbèsè mọ́ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Zakat and Sadaqat Foundation a sì máa fi í san owó ilé ìwòsàn.

Ta ló wá lè ti inú ìrora mọ gbogbo èyí? Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pé kí ó rí i dájú pé wẹ́fíà tó mọ ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ dunjú wà ní Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú àti ti Ẹ̀pẹ́, kí aláìsàn ti mọ ojúlé tí yóò kàn kó tó wọkọ̀. Ẹ̀yin ọmọ àti àbúrò tí ẹ ń bá wọn lọ, ẹ mú èsì àyẹ̀wò ẹran ara tí wọ́n gé, ìwé iye owó tí dókítà kọ, àti nọ́ńbà NIN dání. Lọ́jọ́ náà gan-an tí dókítà bá ti dárúkọ jẹjẹrẹ, ẹ bi nọ́ọ̀sì pé níbo ni yàrá wẹ́fíà wà, kí ẹ tó lọ wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀.